Ta Ni Ó Gba Abẹ́rẹ́ Náà?

Arábìnrin kan láti Ìgbájà, tí ó pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ọkọ, kọ̀wé pé ọmọ àbúrò òun fẹ́ gbéyàwó ní Accra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Òun, ìyá òun tí ó ti lé ní ọdún 70, àti ìyàwó ọmọ òun tí ó lóyún ni yóò lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ilẹ̀ ni kí àwọn wọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú, àti ibi tí àwọn yóò ti ṣẹ́ náírà sí owó sídì. Láàrin lẹ́tà náà ni ó ti mẹ́nu ba yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever), tí òṣìṣẹ́ bọ́dà ń bèèrè. Ó ní: "Ti yẹ́lò káàdì kò ní wàhálà, éjẹ́ńtì ti bá wa gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ọkọ, ojú ìwé méjì ni ẹ fi sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti owó sídì, gbólóhùn kan péré ni ẹ fi sọ ti abẹ́rẹ́. Òun ni n óò dáhùn, nítorí irú rẹ̀ ti pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí mò ń rí gbà láti Ìlọrin títí dé Ọmù-Àrán. Ẹ gbà pé nítorí òṣìṣẹ́ bọ́dà ni wọ́n ṣe ṣe abẹ́rẹ́ náà, àti pé bí ojú rẹ̀ bá ti rí káàdì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ mú káàdì ìyá yín kí ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà àjẹsára náà wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé òṣìṣẹ́ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ yẹn, níbo ni màmá wà? Ẹnìkan fi orúkọ àgbàlagbà purọ́, ẹ sì sanwó fún un. Láti ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní káàdì tí a lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni, éjẹ́ńtì yín kò sì ní bá yín dúró níwájú ẹ̀rọ náà.

Ti bọ́dà tilẹ̀ kéré. Ìgbájà ni ẹ ti kọ̀wé, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé Ifẹ́lódùn yín yìí gan-an ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní ibà pọ́njú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ti wá, tí àrùn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti ìgbà náà? Ẹ̀fọn tí ń jẹni ní ọ̀sán ni ó ń gbé e kiri. Kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò rẹ̀, ìtọ́jú nìkan ni dókítà lè ṣe kí ara aláìsàn lè bá a jà. Nínú àwọn tí ó bá wọ̀ lára débi pé ẹyinjú wọn di pupa rúsúrúsú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní imú àti ẹnu, nǹkan bí ìdajì ni ó ń kú. Bí ẹ kò tilẹ̀ lọ sí Accra, ẹ nílò abẹ́rẹ́ náà nílé.

Èyí tí ó mú mi bínú jù ni pé kòkòrò àrùn náà gan-an, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Nítorí náà ni dókítà ṣe gbọ́dọ̀ rí aláboyún àti ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 60 kí ó tó pinnu bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á. Bí ó bá ní kí wọ́n má gbà á, yóò kọ ìwé tí yóò sọ ìdí rẹ̀, kí ọkọ ìyàwó sì bá yín wádìí ṣáájú ní Accra bóyá wọn yóò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹni méjì nínú ẹ̀yin mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má nílò irọ́ rárá!

Ẹ má sì sọ fún mi pé Ghana kì í ṣe òkèèrè. Àwọn ará Ọ̀fà àti Ìlọrin tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, títí ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fi ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969.

Ọkọ̀ ilẹ̀ yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kutọnu àti Lomé kọjá kí ó tó dé Aflao ní bọ́dà Ghana, ti òfuurufú láti Èkó kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Pẹ̀lú ìyá àgbà àti aláboyún, kí ni ẹ tún ń bèèrè? Ẹ kò nílò físà fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, bí oyún bá sì ti wọ oṣù méje, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yóò bèèrè ìwé dókítà. Ẹ ṣẹ́ owó ní báǹkì bí ẹ bá dé ọ̀hún.

Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí ayé ni ó sì wà fún. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì Port Health, ẹ̀ka ìlera ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera arìnrìn-àjò. Ẹ ya káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó ọmọ yín ìdí tí ẹ fi ya tirẹ̀, nítorí mo fura pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè rí.