Ẹ Bi Wá: Ecopath Ní Edé Ọ̀sà Èkó Kò Tó Jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi Ecopath, ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣe àwòṣe bí àwọn ẹ̀dá inú ọ̀sà Èkó ṣe ń jẹ ara wọn. EE edé jáde ní 2.1, bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 1. Ṣé kí n ṣáà máa fi kún iye edé títí yóò fi wálẹ̀? Mo ti fi àwọn nọ́ńbà mi ránṣẹ́. — Òǹkàwé, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má tíì fọwọ́ kan iye edé. Nínú gbogbo ohun tí edé ń mú jáde lọ́dún, EE ni ìpín tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ àti apẹja ń kó lọ. Tó bá ti kọjá 1, wọ́n ń jẹ ju ohun tó wà lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Edé yín jẹ́ tọ́ọ̀nù 2 lórí km² kan, P/B rẹ̀ (ohun tí tọ́ọ̀nù kan ń mú jáde lọ́dún) 5: tọ́ọ̀nù 10 ló ń mú wá lọ́dún. Ọ̀bọ̀kún jẹ́ tọ́ọ̀nù 4, Q/B rẹ̀ (ohun tí tọ́ọ̀nù kan ń jẹ lọ́dún) 8, ó ń jẹ 32. Ẹ ti kọ 0.60 fún edé nínú oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn 19.2. Apẹja kó 1.8. Àpapọ̀ 21, ẹ pín in sí 10, ó di 2.1. Ọ̀bọ̀kún ni kí ẹ bi.

Níbo lẹ ti rí 0.60 yẹn? Bí wọ́n bá la ikùn ọ̀bọ̀kún 100, tí wọ́n bá edé nínú 60, iye ikùn ni wọ́n kà, wọn ò gbé nǹkan kan sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó gbé edé wẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo mì, tí ekòló kún ìyókù ikùn rẹ̀, wà lára 60 náà. Ìwọ̀n ohun tó wà níkùn ni Ecopath ń fẹ́. Ká ní ó já sí 0.20: edé tó jẹ di 6.4, EE di 0.82. Ẹ pín 0.40 tó kù fún ekòló inú ẹrọ̀fọ̀ àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà, kí àpapọ̀ oúnjẹ ọ̀bọ̀kún pé 1. Kí ẹ sì tún wo EE ekòló, torí ẹrù ti bọ́ sí i lórí.

Bí kò bá tíì gún, ẹ yẹ ìdíwọ̀n wò. Ọ̀sà Èkó tó nǹkan bí 208 km². Bí àkọsílẹ̀ bá ní wọ́n pa tọ́ọ̀nù 416 lọ́dún, ẹ pín in sí 208, 2 lẹ máa kọ. P/B ti ọdún ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ti oṣù. Ìwọ̀n ẹja tútù ni, kì í ṣe ti gbígbẹ. Kúta tó ń jẹun lókun kó tó wọ ọ̀sà, ẹ kọ ìpín oúnjẹ òkun yẹn sí import, àyè oúnjẹ tó ti ìta wá.

Ẹ̀yìn èyí ni iye edé kàn. Ojú àwọ̀n tó fẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọmọ edé bọ́ lọ, nítorí náà iye tí wọ́n kọ lè kéré lóòótọ́. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ fi EE sí 0.95, Ecopath á ṣírò rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe èyí nígbà tí 0.60 ṣì wà níbẹ̀, edé á di tọ́ọ̀nù 4.4, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó gún, àṣìṣe á sì fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá wá gún, ṣé mo lè fi sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fòfin de àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́?

Ìdáhùn: Kò tíì yá. Ipò ọdún kan ni Ecopath ń fi hàn. Ecosim, ètò tó ń bá Ecopath ṣiṣẹ́, ló ń tẹ̀ lé e láti ọdún dé ọdún. Ó fẹ́ àkọsílẹ̀ ẹja pípa ọdún púpọ̀, kí ẹ lè fi wé ohun tó ń sọ. Ẹ má fi gbogbo vulnerability (bí ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀dá kan ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó) sílẹ̀ ní 2 tí ètò náà fi síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu bí ẹja á ṣe tètè padà tó.