Leopard wrasse mi wọ inú iyanrìn kò sì jáde mọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Táǹkì omi òkun mi gba nǹkan bíi 300 lítà, ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo gbé e kalẹ̀, clownfish méjì àti goby kan ló wà nínú ẹ̀. Mo ra leopard wrasse kan lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe dà á sínú táǹkì báyìí ló rì wọ inú iyanrìn, ọjọ́ kejì kò jáde, ọjọ́ kẹta kò jáde, mo bá fi ọwọ́ tú iyanrìn wò, mo rí i, ó sáré lọ wọ ibòmíì, kò pẹ́ sígbà yẹn ó kú. Mo ṣì fẹ́ràn ẹja yẹn gan-an. Báwo ni mo ṣe máa ra òmíì tí kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó sì dáa bẹ́ ẹ ṣe béèrè kẹ́ ẹ tó ra òmíì.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Leopard wrasse ò wọ iyanrìn torí pé ó fẹ́ kú. Ibẹ̀ ló ń sùn lálaalẹ́, ibẹ̀ náà ló ń sá sí tí àyà ẹ̀ bá já, ẹja tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú náílọ́ọ̀nù jáde, àyà ẹ̀ á já dandan. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan, mo ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì jáde wá jẹun. Nǹkan míì tún wà ńbẹ̀, ara ẹ̀ ṣì ń ka àsìkò ibi tí wọ́n ti mú un, òkun India àti Pacific sì ni wọ́n ti ń mú wọn wá, tó bá jẹ́ pé òru yín ni ilẹ̀ ń mọ́ lọ́hùn-ún, òru náà ló máa yọjú, á lúwẹ̀ẹ́ káàkiri díẹ̀, kẹ́ ẹ tó jí ó ti padà wọlẹ̀, ẹ̀yin á ní kò jáde rárá. Tó bá yá, á bá àsìkò iná táǹkì yín mu fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń tú u, ńṣe lẹ̀ ń mú kó fi ìwọ̀nba okun tó kù lára ẹ̀ sáré. Ẹ má tú u mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ká sòótọ́, ebi ló ń pa wọ́n jù. Ẹnu ẹ̀ kéré, gbogbo ọ̀sán ló fi ń ṣa àwọn kòkòrò omi wínníwínní bíi copepod àti amphipod jẹ, kò sì ní ọ̀rá lára tó lè fi dúró de oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wá wo ìrìn tó rìn: apẹja mú un, ó dé ọwọ́ ẹni tó ń kó o ránṣẹ́, wọ́n fi bàálù gbé e, ó dé ọwọ́ alágbàtà, ó tún wá dé ṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kó má tíì jẹun gidi látìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ṣọ́ọ̀bù gan-an lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹja yìí máa yè.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo àwọ̀ ẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ wo ikùn ẹ̀, tó bá ti wọnú, tí ẹran ẹ̀yìn orí ẹ̀ sì ti gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ wo ètè ẹ̀, tó bá wú tàbí tó funfun, ó ti fi ẹnu gbá ìsàlẹ̀ náílọ́ọ̀nù tàbí gíláàsì níbi tó ti ń wá iyanrìn tí kò sí, ẹja tí ẹnu ń dùn ò sì ní lè ṣa nǹkan kan. Èyí tó dáa, ẹ máa rí i tí ojú ẹ̀ ń yí, tọ̀tún ń wo tiẹ̀, tòsì ń wo tiẹ̀, á dúró níwájú òkúta, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wò ó dáadáa, àfi gbì, ó ti ṣá nǹkan jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín. Tó bá jẹ́ pé àná ló dé, ẹ san owó díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé abọ́ iyanrìn kan síbẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ mú abo kékeré, torí abo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́, èyí tó bá lágbára jù ló ń di akọ, tẹ́ ẹ bá mú abo méjì kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ má kó akọ méjì sínú 300 lítà. Tó bá jẹ́ èmi, oríṣi leopard wrasse tí wọ́n ń pè ní Macropharyngodon meleagris ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Nílé, iyanrìn kíkúnná ni kẹ́ ẹ lò, kó jìn tó 5 sí 8 sẹntímítà, ó kéré tán níbì kan tí òkúta ò bò, èyí tó rí ṣákaṣàka máa bó o lára. Ẹ ra copepod, kẹ́ ẹ dà á sínú táǹkì lóru, tí pọ́ǹpù ti wà ní pípa, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó ra ẹja, kí wọ́n lè bí sí i. Clownfish àti goby yín ò ní dà á láàmú, six-line wrasse ni kẹ́ ẹ má gbà láyè, ó máa ń lé àwọn ẹja tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kiri, ẹ má sì ra ẹja mandarin pọ̀ mọ́ ọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń wá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí táǹkì, ó máa ń fò.

Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù léfòó nínú táǹkì bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní dídì. Tó bá ti pẹ́ nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má fi wákàtí méjì kán omi sí i lórí o, torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú náílọ́ọ̀nù ni carbon dioxide ń jáde, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) á gòkè, amóníà (èyí tó ń jáde lára ìdọ̀tí ẹja àti ohun tó bá ń jẹrà) tó ti pọ̀ nínú omi yẹn á wá di májèlé. Ẹ wọn iyọ̀ omi náílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ ti po omi tó bá a mu sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ife bu ẹja síbẹ̀, ẹ wá máa gbé iyọ̀ yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé 1.025 lórí ohun tẹ́ ẹ fi ń wọn iyọ̀ (specific gravity). Omi náílọ́ọ̀nù ò gbọ́dọ̀ wọ táǹkì. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, tó sì máa gba oògùn tó ní copper, iyanrìn silica ni kẹ́ ẹ fi sínú abọ́ ẹ̀, èyí tó wá láti ara iyùn máa ń fa oògùn yẹn mu, kó sì ti máa jẹun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Tó bá ti jáde, brine shrimp (edé wínníwínní) ààyè ló máa ń tètè gbà, lẹ́yìn ẹ̀ ẹyin ẹja àti mysis (irú edé wẹ́wẹ́ míì) dídì tó kéré, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi tàwọn clownfish sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí wọ́n má bàa gba tiẹ̀ jẹ. Tó bá ń jẹ àmọ́ tí ikùn ẹ̀ ń wọnú sí i, aràn ni kẹ́ ẹ fura sí, ẹ po oògùn aràn mọ́ oúnjẹ ẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn tó ń mí gúlegúle, tí kò wọlẹ̀ lálẹ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kó já yín láyà.

Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ò rí i, ẹ wọn amóníà. Tó bá ṣì wà ní 0, ẹ fi iná pupa yẹ táǹkì wò lóru, ẹ ṣe é fún alẹ́ bíi mẹ́ta ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti kú.