Níbo ni ará Kétu tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ti lè rí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ?

Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè Benin wà ní àdúgbò Jacquot ní Kútọnu, ibẹ̀ sì ni a máa ń darí àwọn tí àìsàn wọn le sí. Ẹni tó bá wà nítòsí Àjàṣẹ́ tún lè lọ sí ibùdó Saint Camille ní Avrankou. Ẹgbẹ́ tí Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin kan, dá sílẹ̀ ló ni ín, àwọn tí òkìkí wọn kàn nítorí pé wọ́n ń tú aláìsàn sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìlú ẹni ló yẹ ká kọ́kọ́ yà, pàápàá bí aláìsàn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ pẹ̀lú ara gbígbóná, torí ibà líle lè fa irú rẹ̀. Kí ẹni tó bá sin aláìsàn lọ mú páálí oògùn tó ti ń lò dání, àní èyí tó ti ṣófo, kí ó sì dárúkọ àgbo tó mu láìfi nǹkan pa mọ́. Bí aláìsàn bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.