Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Abẹ́rẹ́ Ìrora Lè Jẹ́ Kí N Parí Ìdíje Tẹ́níìsì Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Inú bí mi nígbà tí Novak Djokovic, eléré tẹ́níìsì, jáwọ́ nínú sẹmi-fáìnàlì Australian Open lọ́dún 2025 lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kan péré nítorí itan tó ń dùn ún, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Nínú ẹgbẹ́ tẹ́níìsì wa, àwọn kan ní ó jàre. Èmi ní ó yẹ kí akọni gba abẹ́rẹ́ kó sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wá kan èmi náà báyìí. Ọmọ ọdún 46 ni mí, nǹkan kan já mi ní ẹ̀yìn itan lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ní ìdíje lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá kẹ́míìsì àdúgbò wa ní òun yóò gún mi lábẹ́rẹ́ ìrora láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà. Ẹ má sì gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín ń jiyàn bóyá akọni ni eléré tó fara pa tàbí ojo. Oníṣẹ́ físíò ni mí, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti egungun tó fara pa; iṣẹ́ tèmi kọ́ ni láti dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tó ká mi lára ni èrò tó wà nídìí rẹ̀, pé bí ìrora bá ti lọ, ìpalára náà ti lọ. Irọ́ gbáà ni, ó sì ń ba ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́ lójoojúmọ́.

Iṣan ẹ̀yìn itan jẹ́ ìdì ẹran mẹ́ta tó ti egungun ìdí sọ̀ kalẹ̀, tó sì so mọ́ abẹ́ orúnkún. Nígbà tí ẹ bá sáré lé bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ nítòsí nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì fẹ́ dúró lójijì, ìdì ẹran yìí á máa nà lákòókò kan náà tó ń fi agbára fà, ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn fọ́nrán rẹ̀ ti máa ń já. Ẹ̀jẹ̀ á dà sínú itan, ibẹ̀ á wú, àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí ẹsẹ̀ náà máa tiro. Títiro yẹn ni ara fi ń dáàbò bo ibi tó já. Abẹ́rẹ́ ìrora kì í rán fọ́nrán kankan. Ìròyìn yẹn nìkan ló ń dá dúró lọ́nà. Bí ajá bá ń gbó lóru nítorí olè, tí ẹnì kan sì fi okùn di ajá lẹ́nu, ilé á dákẹ́, ṣùgbọ́n olè ṣì wà nínú ọgbà. Ẹsẹ̀ tí kò tiro mọ́ á sáré pẹ̀lú gbogbo agbára, ohun tí ìbá sàn láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 á sì gba ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 8. Bí ìdì ẹran náà bá wá já pátápátá, oṣù ni a ó máa kà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin kan gbé e wá bá mi lẹ́yìn tó gba irú abẹ́rẹ́ yìí kó tó wọ pápá. Mo ní kó dojú bolẹ̀. Wíwú náà ti sọ̀ kalẹ̀ láti àárín itan dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún, awọ ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, ó sì ń dán nítorí bó ṣe le. Nígbà tí mo fi ìka méjì tẹ àárín itan, wọ́n wọ inú kòtò kan níbi tó yẹ kí ẹran wà. Kò tíì mọ bí ó ṣe burú tó. Ó bi mí bóyá òun lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo Djokovic tí inú ń bí yín sí. Ìdíje rẹ̀ pẹ̀lú Carlos Alcaraz ní kọ́tà-fáìnàlì, ní ọjọ́ 3 ṣáájú, ló ti fara pa. Ó lo oògùn, wọ́n di itan rẹ̀, ó sì borí. Gbogbo ohun tí ẹ ní kó ṣe pátá ló ti ṣe! Nígbà tó fi máa pàdé Alexander Zverev, ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní 7-6, itan náà kò sì gbà á mọ́. Àwọn kan nínú òǹwòran pariwo ẹ̀gàn lé e lórí; Zverev fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rán wọn létí pé ọkùnrin yìí ti gba ife-ẹ̀yẹ kan náà rí pẹ̀lú iṣan ikùn tó ya, àti nígbà mìíràn pẹ̀lú iṣan ẹ̀yìn itan tó ya. Djokovic gbé àwòrán inú itan rẹ̀ tí ẹ̀rọ MRI yà síta lẹ́yìn náà. Pé ó fẹsẹ̀ rìn jáde kò fi nǹkan kan hàn, nítorí pé ìdá kékeré péré nínú ohun tí sísáré ń béèrè ni rírìn jẹ́ẹ́jẹ́ ń béèrè.

Ẹ lè dárúkọ Rafael Nadal, eléré tẹ́níìsì mìíràn tó fara da ìrora, fún mi. Ní Wimbledon 2022, bàbá rẹ̀ ń ṣẹ́wọ́ sí i láti orí ìjókòó pé kó jáwọ́, ó kọ̀, ó sì na Taylor Fritz ní sẹ́ẹ̀tì 5. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú sẹmi-fáìnàlì nítorí iṣan ikùn tó ya. Oògùn náà sì ní owó tirẹ̀ tí ara ń san: Justine Henin jáwọ́ nínú àṣekágbá Australian Open lọ́dún 2006 nítorí inú rírun, ó sì ní oògùn tí òun ń lò fún èjìká ló fà á.

Mo gbà pé ìbínú òǹwòran ní ìdí nígbà mìíràn. Àwọn eléré kan ti wọ pápá rí ní ìpele àkọ́kọ́ nítorí owó nìkan, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kò lè parí. Láti ọdún 2018 ni àwọn ìdíje tẹ́níìsì ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbàáyé ti ń san ìdajì owó ìpele àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá yọwọ́ kí ìdíje rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tó dára ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ìrora ló ní kí ènìyàn jáwọ́. Pajápajá máa ń lọ bí ẹ bá na ẹsẹ̀, tí ẹ sì mu omi.

Èmi kò tíì fọwọ́ kan itan yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò lè dípò àyẹ̀wò. Fún ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ẹ di báńdéèjì níwọ̀nba, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara gbígbóná ra á. Bí ẹ kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹsẹ̀ náà bá ń kú tipiri, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá kẹ́míìsì kò gbọ́dọ̀ gún yín lábẹ́rẹ́ ní ìdí rárá: bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, ó lè ba iṣan ìmọ̀lára ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, àwa oníṣẹ́ físíò ní Nàìjíríà sì mọ àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ títí di òní nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ má lo oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí ibuprofen láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ lọ rí oníṣẹ́ físíò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé.