Ọbẹ̀ tó kan ni wọ́n fẹ́ o, ẹ má dà á nù

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Manila ní Philippines, pé ìyàwó òun tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kí lòun lè máa sè fáwọn ọmọ tí ò ní gba gbogbo ìrọ̀lẹ́, irú ẹ̀ gan-an ló bá èmi náà ní Cavite níbí, ìtòsí Manila. Call center nìyàwó mi wà, tó bá ti jáde lálẹ́ ó ku èmi, ọmọ méjì àti ìkòkò.

Adobo, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi fínígà àti sóyà sè, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Adìẹ kílò kan, sóyà sọ́ọ̀sì ìdajì kọ́ọ̀pù, fínígà ìdajì kọ́ọ̀pù, odindi orí áyù kan tẹ́ ẹ fọ́, ewé laurel (bay leaf) mẹ́ta, paminta (black pepper) oníhóró síbí kékeré kan, omi kọ́ọ̀pù kan. Kò sí Maggi níbẹ̀ o, ẹ má sì tíì fi iyọ̀ sí i torí sóyà yẹn ti níyọ̀ tó. Ibi témi ti jẹ palaba ìyà rè é: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo da fínígà sí i mo wá ń rò ó bí ẹní ń ro ẹ̀fọ́, mo tún dé e pa, nígbà tá a bu ú jáde fínígà tútù ló ń ta wá nímú, àkọ́bí mi rọra fi síbí sílẹ̀ ó lọ jẹ búrẹ́dì. Ìyá ìyàwó mi, Nanay là ń pè wọ́n, ló ní tí fínígà bá ti wọlé kí n má fọwọ́ kàn án, kí n ṣí ìdérí títí á fi hó dáadáa, ìgbà yẹn ni kí n tó rò ó. Látìgbà yẹn kò ta wá nímú mọ́. Ẹ sè é kó pọ̀, kì í tètè bàjẹ́, ọjọ́ kejì ló tiẹ̀ ń dùn jù.

Sinigang, ọbẹ̀ kíkan wọn, ló ṣòro fún mi jù, kì í ṣe sísè rẹ̀, ọkàn mi ni ò gbà á. Lọ́dọ̀ tiwa tọ́bẹ̀ bá ti kan à ń dà á nù ni, àwọn wọ̀nyí sì ń wá kíkan ẹ̀. Mo máa ń yọ́ ṣúgà sí i kó lè rọlẹ̀, àwọn ọmọ á ní "Daddy, kò kan tó." Mo ti jáwọ́ o, ẹ jẹ́ kó kan. Àjàgbọn (tamarind) ni wọ́n fi ń mú un kan, wọ́n máa ń sè é, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ bí ẹní ń sẹ́ ògì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ó sú mi. Sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà ní sari-sari, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, Nanay fúnra wọn ń lò ó. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sè é ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ ẹ́, edé tútù ni mo ń lò, ìyẹn gan-an ló yá jù: ẹ se àlùbọ́sà, tòmátì àti labanos (radish funfun) kó rọ̀, ẹ da sáṣẹ́ẹ̀tì sí i, kí ilá àti edé wọlé, edé ò gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná kó má baà le, ẹ̀fọ́ kangkong (water spinach) lẹ́yìn pátápátá, ẹ pa iná.

Tinola, ọbẹ̀ adìẹ olómi, kò ní dààmú yín rárá, adìẹ, atalẹ̀, ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n àti ewé malunggay, ìyẹn mòríńgà tẹ́ ẹ mọ̀ nílé.

Ní ti ata, ẹ má fi sínú ìkòkò wọn. Siling labuyo, ata kékeré tibí, ni mo ń gé sínú patis (omi ẹja oníyọ̀) sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tèmi, ó ń ta bí ata wẹ́wẹ́ tiwa, àbíkẹ́yìn mi náà sì ti ń fi ìka tọ́ ọ wò.