Páálí Tí Ìjì Dá Dúró Lọ́nà

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí páálí tí mo fi ránṣẹ́ sókè òkun ti dúró sójú kan. Wọ́n ní ìjì ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Ṣé ó ti sọnù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Bí ọ̀nà bá dí, ibi tí ẹrù bá dé ló sábà máa ń dúró sí, tí á sì máa tò jọ. Nígbà tí ọ̀nà bá tún là, wọn ò lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi tún ń pẹ́.

Ẹ tún nọ́ńbà ara rísíìtì yín, èyí tí ẹ fi ń tọpa páálí, wò: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì. Òǹkà kẹsàn-án ni wọ́n fi ń yẹ mẹ́jọ ìṣáájú wò. Ẹ ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ibi tí páálí wà kò ní jáde.

Ohun tó ká wa lára jù ni gbèdéke. Lábẹ́ òfin Universal Postal Union, àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, oṣù mẹ́fà péré lẹ ní láti béèrè páálí yín, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ mú rísíìtì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú páálí àti iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìjì ló bà á jẹ́, wọn kì í sábà san owó gbà-máà-bínú.