Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwòrán Tí Yóò Wà fún Ìtàn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òde ìnáwó ni mo ti ń ya fọ́tò ní Adó-Èkìtì. Ó wù mí kí n máa ya àwòrán tí yóò wà fún ìtàn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé iṣẹ́ náà sì lè bọ́ ènìyàn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mú ohun kan ṣoṣo, kí o sì dúró tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ń yà á lọ títí àwọn àwòrán náà fi tó nǹkan bí 1,000. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ̀yìn orí ló kọ sí wa, tí ènìyàn fi lè tọpa ìlà irun láti ìpàkọ́ dé àtàrí. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítorí náà má tíì fi òde ìnáwó sílẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iṣẹ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì nìkan tó ohun tí ènìyàn ń fi ọdún mẹ́wàá yà. Má ṣe dúró de ìkòkò tí ó ti jinná. Ya amọ̀ nígbà tí wọ́n ń gún un, ya ọwọ́ tí ń dán etí ìkòkò, ya igi àti koríko tí wọ́n tò kí iná tó ràn, kí o sì padà lọ ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Gba àṣẹ kí o tó yà wọ́n. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o kọ orúkọ ẹni tí o yà, àdúgbò rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tí ó ń ṣe, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é ní èdè Èkìtì. Ó máa ń dùn mí gan-an láti rí àwòrán àgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí o bá ń kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, lẹ́ẹ̀dì ni kí o lò, nítorí yíǹkì báírò lè là kọjá síwájú.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa nẹ́gẹ́tífù àtijọ́, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde: èyí tí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan ti ń bàjẹ́, ó sì lè ran àwọn tó kù, nítorí náà yà á sọ́tọ̀, kí o sì tètè fi scanner gbé e sínú kọ̀ǹpútà.

Bí olùtẹ̀wé tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá béèrè àwòrán rẹ, ẹ̀tọ́ láti lò ó ni kí o tà, kí o kọ iye ìgbà tí wọ́n lè lò ó sínú ìwé àdéhùn, kí nẹ́gẹ́tífù tàbí fáìlì gidi má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ.